Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Ta Aṣọ Tí Wọ́n Fi Ṣe Àfihàn

Gbogbo aṣọ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé jáde níbi àfihàn aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó yẹ kí iye owó wà lára rẹ̀. Iye owó gidi ni mò ń wí, èyí tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ jókòó ṣírò, tó lè là yé oníbàárà, tó sì lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ aṣọ náà kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe àti yunifásítì ti ń pè mí sí irú àfihàn bẹ́ẹ̀, kí n wá jókòó ti àwọn tó ń fún àwọn ọmọ ní máàkì. Ohun tí mò ń rí níbẹ̀ ń dùn mọ́ mi nínú, ó sì tún ń dùn mí. Aṣọ á jáde, orin á máa lọ lábẹ́lẹ̀, àtẹ́wọ́ á dún, wọ́n á ya fọ́tò, fọ́tò á sì ti dé orí Instagram kí gbogbo wa tó kúrò nínú gbọ̀ngàn. Tó bá di ọjọ́ kejì, aṣọ tí ọmọ kan fi oṣù méjì rán á ti wọ inú báàgì, ó di abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé èló ni.

Télọ̀ ni mí. Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi l'Ókè-Àdó ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti gba fìrídọ̀ọ̀mù kí n tó dá dúró. Èmi ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù mi. Tí àwọn kan bá parí IT, ìyẹn iṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ń ní kí wọ́n lọ kọ́ níta, lónìí, àwọn mìíràn á ti mú lẹ́tà dé lọ́la. Torí náà, mo mọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń fún wọn, mo sì mọ ohun tó kù.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dára. Àwa tí a kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ojú la fi ń gé aṣọ. Àǹtí mi á tẹ́ àǹkàrá sílẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi mẹ́rin, á gé e, aṣọ náà á sì ṣe rẹ́gí. Tí o bá bi í léèrè ìdí tó fi gé abẹ́ apá bẹ́ẹ̀, á ní bí wọ́n ṣe ń gé e nìyẹn. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń ya pátánì sórí ìwé. Wọ́n mọ ibi tí dáàtì ń gbà, wọ́n mọ ìdí tí aṣọ tí a gé ní báyásì fi ń ṣàn wálẹ̀ lára, wọ́n lè sọ aṣọ ìwọ̀n 10 di ìwọ̀n 16 láìba ọrùn rẹ̀ jẹ́. Ọmọ kan tó wá ṣe IT lọ́dọ̀ mi ló kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì sórí ìwé, pátánì yẹn la sì ń lò títí dòní. Ẹni tó bá ní ohun tí wọ́n ń kọ́ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò wúlò, kò tíì rí wọn níbi iṣẹ́ ni.

Ohun tí àwa rí gbà lọ́dọ̀ ọ̀gá tí àwọn kò rí gbà ni oníbàárà. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé apá aṣọ, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó gbé aṣọ wá. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwọ̀n sínú ìwé, bí wọ́n ṣe ń gba àsansílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bẹ ìyàwó ojú ọ̀nà tí aṣọ rẹ̀ kò tíì jáde lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ìgbéyàwó jẹ́ Sátidé. Àǹtí mi á rán mi lọ sí ọjà Gbági kí n lọ ra lánínnì àti síìpù. Tí mo bá dé, á ní kí n ka iye tí mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan fún òun, á wá bi mí pé, "Èló wá ni ká gbà lórí aṣọ yìí?" Mi ò tíì lè rán aṣọ náà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ iye tó yẹ kó jẹ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọba ti mọ̀ pé àlàfo yìí wà. Ọdún 1971 ni wọ́n dá àjọ ITF (Industrial Training Fund) sílẹ̀. Nígbà tó di 1973, àjọ náà gbé ètò SIWES kalẹ̀, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa jáde lọ síbi iṣẹ́ kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ọmọ tó ń ṣe ND ń lo oṣù mẹ́rin níta. Ẹni tó bá sì parí ND náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan kó tó padà lọ ṣe HND. Ètò tó dára ni. Ibi tó ti mẹ́hẹ ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ ṣe níta yẹn àti àfihàn aṣọ tí wọ́n ń ṣe nílé ẹ̀kọ́ kò tan mọ́ra wọn rárá. Ọmọ á wá sọ́dọ̀ mi, á bá mi rán aṣọ oníbàárà mi, á kọ ọ́ sínú ìwé logbook rẹ̀, á lọ. Tó bá padà dé ilé ẹ̀kọ́, aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ kó rán ni á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán, fún mọ́dẹ́ẹ̀lì tí kò ní san kọ́bọ̀.

Mo rí ohun tí èyí ń fà lára ọmọbìnrin kan tó ti ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kan wá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìwé tó ń ya àwòrán aṣọ sí rẹwà débi pé àwọn oníbàárà mi máa ń gbà á wò. Lọ́jọ́ kan, ìyá ìyàwó kan gbé léèsì wá, ó ní ká bá òun rán bùbá àti síkẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí ọmọ yìí wọn ìyá. Ó fi téèpù yí àyà, ó yí ìbàdí, ó wọn èjìká dé èjìká, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní òun ti ṣetán. Ní gbogbo ìgbà tó ń wọ̀n ọ́n, ṣe ni ìyá dúró ṣánṣán, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí dọ́mì tí wọ́n fi ń kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ ṣe máa ń dúró. Mo ní kí ìyá gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń jó. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ṣe tí onílù bá kì í lójú agbo tí àwọn èèyàn sì ń náwó fún un. Ọmọ náà tún téèpù fà láti èjìká dé èjìká, ó rí i pé ó ti fẹ̀ ju ohun tó kọ sílẹ̀ lọ. Ó wọn apá, ó rí i pé ti ọ̀tún tóbi ju ti òsì. Èjìká kan tún rẹlẹ̀ ju èkejì. Léèsì ló sì wà nílẹ̀, irú léèsì bẹ́ẹ̀ kì í fà. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n àkọ́kọ́ la fi gé e, ẹ̀yìn aṣọ náà á ya lójú agbo, níwájú àna. Ọmọ náà fa igi lé ohun tó kọ, ó ṣí ojú ìwé mìíràn, ó tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn, ó di pé kó tó wọn ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ bi í pé, "Mà, kí lẹ fẹ́ fi aṣọ yìí ṣe?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ máa kọ́ wọn. Ìdí sì nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn olórí ẹ̀ka pé kí wọ́n má ṣe fi àfihàn aṣọ mọ sí ara mọ́dẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan. Iṣẹ́ tiwọn náà níyì, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan rán ó kéré tán aṣọ kan fún ẹni tí ara rẹ̀ jọ ti àwọn tó máa ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la: ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì, akọ̀wé àgbà tó ń jókòó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, bàbá tó ní ikùn. Kí àwọn náà rìn jáde níwájú gbogbo èèyàn. Mo wà níbi tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ìyá olóúnjẹ kan ló wọ kaba àdìrẹ tó ní àpò ńlá méjì níwájú, àpò tó lè ki owó ọjà sí. Gbọ̀ngàn dìde dúró fún un. Kí ètò tó parí, àwọn obìnrin mẹ́ta ti ń wá ọmọ tó rán an kiri.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí. Níbi àfihàn mìíràn, aṣọ àdìrẹ kan wọ̀ mí lójú gan-an, ó gùn dé ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dì bí ìgbà tí wọ́n ró ìró. Lẹ́yìn ètò, mo lọ bá ọmọkùnrin tó rán an, mo bi í pé èló ni. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ mú ₦35,000 wá." Mo ní kó fa àga, kó mú bírò, ká jọ ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ó kọ àdìrẹ ọ̀pá márùn-ún, ₦15,000. Ó kọ lánínnì, ₦6,000. Síìpù, gumstay, òwú àti bọ́tìnnì, ₦4,500. Ó pa á pọ̀, ó jẹ́ ₦25,500, ojú rẹ̀ wá là, ó ní òun jèrè ₦9,500. Mo bi í pé níbo ló ti ra àdìrẹ. Ó ní òun lọ sí Ìtokú, l'Ábẹ́òkúta. Ta ló san owó ọkọ̀? Òun ni, ₦7,000 àlọ àtàbọ̀. Máṣíìnì ńkọ́? Ó yá máṣíìnì lò ní ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan, epo bẹntiróò tó bù sí jẹnẹrétọ̀ onítọ̀hún jẹ́ ₦5,000. Ó tún san ₦1,500 fún ẹni tó bá a ká etí aṣọ. Nígbà tó tún un pa pọ̀, ó di ₦39,000. Tí mo bá san ohun tó kọ́kọ́ pè, ọmọ náà á ti fi ₦4,000 tirẹ̀ ta mí lọ́rẹ, a ò sì tíì ka gbogbo òru tó fi jókòó ti máṣíìnì.

Ó dákẹ́. Mo ní kó má banú jẹ́, pé tó bá jẹ́ aṣọ mẹ́rin ló lọ rà lẹ́ẹ̀kan náà n'Ítokú, owó ọkọ̀ yẹn á pín sí mẹ́rin, èrè á sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo ní kó fi iye sí ọwọ́ ara rẹ̀, pé èló ni ọjọ́ iṣẹ́ kan rẹ̀ tó sí. Ó rò ó títí, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó fa igi lé e, ó tún òmíràn kọ. ₦60,000 ni mo san fún aṣọ náà nígbẹ̀yìn, iye tí òun fúnra rẹ̀ ṣírò tó sì ṣàlàyé fún mi láìwo ilẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ dúró tì wá. Ó ní ọmọ yẹn ti ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́ nípa dídá iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì gba A.

Mo gbà pé ó gba A. Àwọn kọ́ọ̀sì yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní EED ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, dandan ni fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ, ẹni tó ń kọ́ ìṣirò owó, ẹni tó ń kọ́ aṣọ. Gbogbo wọn á kóra jọ sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n á ra ìwé kékeré tí olùkọ́ kọ, wọ́n á há a sórí. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìdánwò pé oníṣòwò gidi gbọ́dọ̀ ní ìgboyà, ó gbọ́dọ̀ lè fara da àdánù. Ṣùgbọ́n àdánù ₦4,000 wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, kò mọ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le: kí olùkọ́ EED àti olùkọ́ aṣọ jọ jókòó sídìí àfihàn kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì fún ọmọ ní máàkì lórí aṣọ kan náà. Ọ̀kan á wo ìrán rẹ̀. Èkejì á gba ìwé ìṣirò rẹ̀, á wo ìwé rìsíìtì, á bi í bó ṣe dé orí iye tó pè, á bi í iye tó tà àti ìdí tí èyí tí kò tà fi kù.

Mi ò sọ pé àfihàn fúnra rẹ̀ kò níyì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iyì rẹ̀, kó má ṣe jókòó sí iwájú, kó lọ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ wà. Aṣọ so kọ́ lórí irin, nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàtà tó bá a lọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri, orúkọ ẹni tó máa jáde àti ẹni tó tẹ̀ lé e wà níbẹ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀lì kan á wọlé pẹ̀lú eré, wọ́n á bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n á wọ òmíràn fún un, orin kò sì ní dúró dè wọ́n. Níbi àfihàn kan, síìpù já lẹ́yìn aṣọ nígbà tó ku ẹnì kan kó kan mọ́dẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó rán an ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, ó fi há etí kọ́là ara rẹ̀. Ó fi eyín já òwú, ó rán aṣọ mọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì lára láti ìdí dé àárín ẹ̀yìn, ó fi ìborùn bo ibẹ̀, ó tì í jáde. Àwa tí a jókòó níwájú rò pé bí aṣọ náà ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn, mo ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní máàkì sí i, torí ohun tí télọ̀ máa ń ṣe ní ilé ìyàwó láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ló ṣe.

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yẹn náà ni ẹni tó ń bá onílàńpù dúnàádúrà wà, àti ẹni tó kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ oníléèsì pé kí wọ́n wá ṣonígbọ̀wọ́, àti ẹni tí àpò owó tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iná lọ, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa pè. Iṣẹ́ ajé ni gbogbo èyí. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé ìnáwó ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn tí ètò bá ti parí.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, tó lè má dùn mọ́ àwọn kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí kò fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe àfihàn. Wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á gbé e lọ bá télọ̀ ìta, wọ́n á san owó, télọ̀ á rán an. Wọ́n ti gbé irú rẹ̀ wá bá mi, mo sì lé wọn padà. Mo mọ̀ pé ẹni tó ní ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá lè má fọwọ́ ara rẹ̀ rán nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rán aṣọ rí kò lè mọ ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń rẹ́ ẹ jẹ, kò lè mọ̀ bóyá ọjọ́ kan tó iṣẹ́ yẹn tàbí ọjọ́ mẹ́ta. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí ọmọ dúró ti tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ àfihàn, kó gba oníbàárà tuntun, kó wọ̀n ọ́n lójú gbogbo èèyàn, kó sì gbé aṣọ onítọ̀hún wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ télọ̀ ìta á yanjú fúnra rẹ̀.

Àwọn kan á ní ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọjà, pé tí ọmọ bá ti ń ronú owó jù, kò ní lè ronú ohun tuntun mọ́. Àníyàn rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Saint Martin's, ní London, ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò rò rí. Ní 1984, nígbà tí John Galliano ṣe àfihàn ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, Joan Burstein, tó ni ṣọ́ọ̀bù Browns, ra gbogbo aṣọ náà, ó sì kó wọn sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní 1992, Alexander McQueen gbé tirẹ̀ jáde. Ọmọ yìí ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn télọ̀ Savile Row láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kó tó dé ilé ẹ̀kọ́ náà. Isabella Blow, obìnrin tó gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ oge, rí aṣọ rẹ̀, ó ra gbogbo rẹ̀ ní 5,000 pọ́n-ùn, 100 pọ́n-ùn ló ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé McQueen kò ronú ohun tuntun. Aṣọ rẹ̀ ṣàjèjì, oníbàárà sì wà nínú gbọ̀ngàn.

Saint Martin's yìí náà ni Ṣadé Thomas-Fahm, ọmọ tiwa, ti kọ́ nípa aṣọ lẹ́yìn tó ti lọ sí ìlú Òyìnbó pé òun fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Ó padà wálé ní 1960, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó. Aṣọ òkè àti àdìrẹ ló ń lò nígbà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ń wá aṣọ Òyìnbó kiri. Òun ló fi síìpù sí ìró kí obìnrin tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ lè kó sínú rẹ̀ bíi síkẹ́ẹ̀tì, òun ló ṣe gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀, téèyàn kàn máa dé bíi fìlà. Ní 2022, aṣọ rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n pàtẹ ní mùsíọ́mù V&A ní London níbi ìpàtẹ Africa Fashion. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ IT mi rò ó dáadáa: ìró onísíìpù kò lè wá láti orí ẹni tí kò bá obìnrin tó ń kánjú sọ̀rọ̀ rí.

Lóde òní, ọ̀nà ti là ju ti ìgbà yẹn lọ. Láti 2011 ni Ọmọ́yẹmí Akẹ́rẹ́lẹ́ ti gbé Lagos Fashion Week kalẹ̀, oníròyìn àti àwọn tó ń ra aṣọ sí ṣọ́ọ̀bù ń ti òkèèrè wá síbẹ̀. Kenneth Ize, ọmọ Nàìjíríà, fi aṣọ òkè dé ìpele àṣekágbá LVMH, ìdíje àgbáyé fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe aṣọ, ní 2019. Yaba College of Technology, tó ti wà láti 1947, ní ẹ̀ka tó dá lórí ẹ̀kọ́ aṣọ rírán, kò sì jìnnà sí ibi tí àwọn àfihàn ńlá yìí ti ń wáyé. Ọmọ tó bá ti ta aṣọ mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ó tó jáde, tó sì mọ ìdí tí ìkarùn-ún kò fi tà, á lè wọ irú ibẹ̀ láìgbọ̀n.

Ohun èlò tiwa náà á kọ́ wọn lọ́jà. Mo fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ fi aṣọ òkè tàbí àdìrẹ ṣe àfihàn, kì í sì í ṣe torí àṣà nìkan. Ẹni tó bá ra sátíìnì ní Gbági, ó kàn máa sanwó ni, á gbé e lọ. Ẹni tó bá lọ ra aṣọ òkè n'Ísẹ́yìn gbọ́dọ̀ bá ahunṣọ sọ̀rọ̀, kó san àsansílẹ̀, kó mọ̀ pé tí òun bá fẹ́ àwọ̀ kan náà lóṣù tó ń bọ̀, òwú lè má rí bákan náà. Tóóró ni wọ́n ń hun ún, ẹni tó bá fẹ́ gé kóòtù lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí ìlà á ti pàdé kó tó ki alumọ́gàjí bọ̀ ọ́, etí rẹ̀ á sì tú tí kò bá tètè fi gumstay lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ti àdìrẹ tún le sí i. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, ẹ tún un fọ̀. Mo rí aṣọ tí aró rẹ̀ ṣí sára lánínnì funfun nígbà tí mọ́dẹ́ẹ̀lì làágùn lábẹ́ iná. Ọmọ tó rán an sunkún. Ká ní oníbàárà ló ra aṣọ yẹn, tó wọ̀ ọ́ lọ sí òde, owó ni ọmọ náà ì bá dá padà. Irú ẹ̀kọ́ yẹn yẹ kó dé nígbà tí olùkọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún àwa ọ̀gá. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń gba ọmọ IT, wọ́n á sọ ọ́ di ẹni tó ń gbálẹ̀, tó ń ra oúnjẹ, tó ń gbá ọmọ pọ̀n, wọ́n á buwọ́ lu ìwé logbook rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ. Ìwà yẹn burú, ó sì ń pa iṣẹ́ wa lára. Ọmọ tó bá lo oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ rẹ, jẹ́ kó gba oníbàárà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kó kí i, kó wọ̀n ọ́n, kó pe iye, kó rán an, kó fi wọ̀ ọ́ wò, kó gba àríwísí rẹ̀, kó gba owó. Dúró sẹ́yìn rẹ̀. Tó bá bàjẹ́, ẹ jọ tún un ṣe.

Sáà àfihàn mìíràn ń bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí n'Ìbàdàn tàbí ní agbègbè rẹ̀ tó bá lè to tábìlì sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, kó lẹ iye owó mọ́ aṣọ, kó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró tì í pẹ̀lú ìwé rìsíìtì, mo máa wá, mo sì máa ra aṣọ, iye tí ọmọ bá lè ṣàlàyé fún mi ni mo máa san. Mo ti bá àwọn oníbàárà mi sọ ọ́, àwọn mélòó kan ti ní àwọn á tẹ̀ lé mi. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ní yàrá kékeré kan tó ní dígí níbẹ̀ o, torí màmá kan nínú wọn ti sọ fún mi pé òun ò ní san owó aṣọ tí òun ò bá kọ́kọ́ wọ̀ wò.